Bí Onímọ̀ Ojú Ọjọ́ àti Olùwádìí Ìbánisọ̀rọ̀ Ṣe Lè Jọ Ṣe Ìkìlọ̀ Ìjì àti Òjò Líle ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ìsọ̀rí ènìyàn méjì tí iṣẹ́ wọn kan ara wọn, ṣùgbọ́n tí wọn kì í sábà jókòó pọ̀. Àwọn kìn-ín-ní ni onímọ̀ ojú ọjọ́, tí wọ́n mọ ohun tó ń fa òjò, ìjì àti àrá. Àwọn kejì ni olùwádìí ìbánisọ̀rọ̀, tí wọ́n mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń wọ etí ènìyàn àti ìdí tí ẹnì kan fi ń gbọ́ ìkìlọ̀ tí kì í sì í kúrò lójú kan. Òṣìṣẹ́ àjọ ìṣẹ̀lẹ̀ pàjáwìrì ìpínlẹ̀ àti sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò náà yóò rí nǹkan mú níbẹ̀.

Lọ́dọọdún ni àjọ NiMet, tí ìjọba àpapọ̀ gbé iṣẹ́ àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ lé lọ́wọ́, máa ń sọ bí òjò ọdún yóò ṣe rí, tí àjọ NIHSA tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ odò àti omi náà sì ń sọ àwọn ibi tí omíyalé lè dé. Ìmọ̀ tó wà nínú ìwé wọ̀nyẹn kì í ṣe kékeré. Ibi tí nǹkan ti ń wọ́ ni pé ìgbà tí onímọ̀ bá kọ gbogbo rẹ̀ tán ni wọ́n tó ń wá ẹni tí yóò bá wọn sọ ọ́ fún ará ìlú. Nígbà náà, ẹ̀pa ò bóró mọ́: wọ́n ti yan ìwọ̀n, wọ́n ti yan àkókò, wọ́n ti yan àdúgbò, láì bi ẹnikẹ́ni ní ohun tí ó fẹ́ fi ìkìlọ̀ náà ṣe. Nítorí náà, láti ìgbà tí ìbéèrè ṣì wà nílẹ̀ ni kí àwọn méjèèjì ti jọ máa ṣiṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: Ẹ kó ẹgbẹ́ kékeré jọ, kí ẹ sì pín àṣẹ

Ènìyàn márùn-ún tàbí mẹ́fà ti tó. Ẹ lè rí onímọ̀ ojú ọjọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Àkúrẹ́, tí kò jìnnà sí wa, níbi tí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ojú ọjọ́ wà. Ẹ lè rí olùkọ́ ìmọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì ní Adó tàbí ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀yẹ́. Ẹ fi òṣìṣẹ́ àjọ pàjáwìrì kan kún un, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ rédíò kan, àti ẹnì kan tí ará ìlú gbà gẹ́gẹ́ bí aṣojú wọn, ìbáà ṣe ìyálọ́jà tàbí olórí ẹgbẹ́ àgbẹ̀.

Ní ìpàdé àkọ́kọ́, ẹ má tíì dá ìkìlọ̀ kankan lẹ́nu. Kí onímọ̀ ojú ọjọ́ fi àwòrán sátẹ́láìtì han àwọn yòókù, kí ó sì sọ ohun tí ó lè mọ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, ohun tí kò lè mọ̀ ju wákàtí mẹ́ta lọ, àti ohun tí kò lè mọ̀ rárá. Kí olùwádìí ìbánisọ̀rọ̀ náà ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń yan àwọn tí wọ́n ń fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, àti ìdí tí kò fi yẹ kí á gba ohun tí ènìyàn mẹ́ta sọ bí ẹni pé gbogbo ìlú ló sọ ọ́. Lẹ́yìn èyí, ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀. Onímọ̀ ojú ọjọ́ ló ni àṣẹ lórí òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà. Olùwádìí ìbánisọ̀rọ̀ ló ni àṣẹ lórí bí a ó ṣe sọ ọ́. Kò sì sí èyí tí yóò yí ti èkejì padà láì sọ fún un. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú pé ẹgbẹ́ yín kò ní dá àsọtẹ́lẹ̀ tirẹ̀ ṣe. Ìkìlọ̀ NiMet ni ẹ ó máa ṣiṣẹ́ lé lórí, nítorí pé bí ìlú bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn méjì lórí òjò kan náà, kò ní pẹ́ tí wọn kò fi ní gbọ́ èyíkéyìí mọ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ mú ewu kan, ẹ mú ìsọ̀rí ènìyàn kan

Ewu ojú ọjọ́ tó wà ní Èkìtì kò mọ níwọ̀n. Ìjì tó ń ká páànù máa ń wọ́pọ̀ nígbà tí òjò bá ń bẹ̀rẹ̀, ní oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún, ó sì tún máa ń padà wá nígbà tí òjò bá ń lọ sílé. Àgbàrá máa ń kún ojú ọ̀nà nígbà tí òjò bá lágbára jù, ní oṣù kẹfà àti oṣù keje, àti ní oṣù kẹsàn-án. Àrá ń pa ènìyàn àti ẹran lóko. Bí òjò bá sì dáwọ́ dúró pẹ́ jù ní oṣù kẹjọ, ìṣòro tirẹ̀ ni ti àgbẹ̀ tó gbin àgbàdo. Bí ẹ bá fẹ́ mú gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ kò ní ṣe ọ̀kankan yanjú. Ẹ mú ọ̀kan, kí ẹ sì dárúkọ àwọn tí ẹ fẹ́ bá sọ̀rọ̀: àwọn ọlọ́kadà Adó, tàbí àwọn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, tàbí àwọn àgbẹ̀ kòkó tó ń sá èso sójú oòrùn. Ìkìlọ̀ tí a kọ fún “gbogbo ará ìlú” kì í sábà bá ẹnì kan pàtó wí.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu wọn

Ẹ gba àyè lọ́dọ̀ ọba tàbí baálẹ̀, ẹ gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ẹni tí ẹ fẹ́ bá sọ̀rọ̀, ẹ sì jẹ́ kí ó mọ̀ pé òun lè kọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kí onímọ̀ ojú ọjọ́ àti olùwádìí ìbánisọ̀rọ̀ jọ lọ. Ìmọ̀ràn yìí ni àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ máa ń fẹ́ yẹ̀ sílẹ̀ jù, wọ́n á ní àwọn yóò dúró de àbọ̀ ìwádìí. Àbọ̀ ìwádìí kò ní gbé ohùn ìyá arúgbó tó ń sọ pé òun mọ òjò burúkú nípa bí afẹ́fẹ́ ṣe ń dákẹ́ lójijì dé ọ́fíìsì yín, bẹ́ẹ̀ òtítọ́ sì wà nínú ohun tí ó sọ: afẹ́fẹ́ sábà máa ń dákẹ́ díẹ̀ kí ìjì tó fẹ́.

Ìbéèrè tó dára kì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “Ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé…”. Ẹ bèèrè pé: “Òjò tó ba nǹkan jẹ́ kẹ́yìn ní àdúgbò yín, kí ni ẹ kọ́kọ́ rí? Ta ni ẹ kọ́kọ́ pè? Kí ni ẹ fẹ́ ṣe tí ẹ kò ráyè ṣe?” Ìdáhùn sí ìbéèrè kẹta ni wúrà, nítorí pé ó ń sọ iye àkókò tí ènìyàn nílò fún yín. Bí àgbẹ̀ bá ní wákàtí méjì ni òun nílò láti kó kòkó kúrò níta kí òun sì tó dé ilé, ìkìlọ̀ tó bá a ní ogún ìṣẹ́jú kò ṣe é láǹfààní kankan, bí ó ti wù kí ó péye tó.

Ẹ ó tún gbọ́ ohun tí wọ́n fi ń díwọ̀n. Ẹni tó ti gbé Ìbàdàn rí lè fi omíyalé Ògùnpa ti ọdún 1980 wọn gbogbo òjò tó rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kí ó sì máa wò ó pé èyí tó kéré sí ìyẹn kì í ṣe ewu. Ẹ ó gbọ́ nípa Ṣàngó bí ẹ bá dárúkọ àrá. Ẹ má ṣe bá ẹnikẹ́ni jiyàn ìgbàgbọ́ lójú ọjà. Ẹni tó gbà pé Ṣàngó ló ń jà àti ẹni tó gbà pé iná mànàmáná inú ìkúùkù ni, abẹ́ igi kan náà ni kò yẹ kí àwọn méjèèjì dúró sí.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ sọ ìwọ̀n di ohun tí yóò ṣẹlẹ̀

Ní ọdún 2015, àjọ ojú ọjọ́ àgbáyé, WMO, tẹ ìtọ́nisọ́nà kan jáde tó rọ àwọn orílẹ̀-èdè pé kí wọ́n má ṣe dúró lórí bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí, kí wọ́n tún máa sọ ohun tí ojú ọjọ́ náà yóò ṣe sí ènìyàn àti dúkìá. Amẹ́ríkà ti ń gbìyànjú rẹ̀ ṣáájú ìgbà náà. Ní ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún ọdún 2011, ìjì àjà kan jà ní ìlú Joplin, ní ìpínlẹ̀ Missouri, ó sì pa ènìyàn 158. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn rẹ̀ fi hàn pé ìkìlọ̀ ti jáde kí ìjì tó dé, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn tó gbọ́ fèrè ìkìlọ̀ kò sá pamọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Wọ́n ń wá ẹ̀rí mìíràn kí wọ́n tó gbéra. Ní ọdún 2012, àwọn ọ́fíìsì ojú ọjọ́ kan ní Missouri àti Kansas bẹ̀rẹ̀ sí í dán irú ìkìlọ̀ kan wò tó ń sọ ní tààràtà irú ibi tí ìjì lè ṣe.

Ní Èkìtì, iṣẹ́ yìí gba kí onímọ̀ ojú ọjọ́ mú ìṣirò wá, kí àwọn yòókù sì mú àdúgbò wá. Ẹ jẹ́ kí á wo mìlímítà 50, tí àsọtẹ́lẹ̀ lè dárúkọ láì sọ ohunkóhun sí i. Mìlímítà kan òjò lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà kan, tó gùn ní mítà kan, jẹ́ lítà omi kan. Lórí ilẹ̀ tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100, mìlímítà 50 yóò di omi tó lé ní lítà 23,000, èyí tó lé ní dúrọ́ọ̀mù onílítà-200 lọ́nà 115. Bí onílé bá ti fi sìmẹ́ńtì bo gbogbo àgbàlá, inú gọ́tà ni gbogbo rẹ̀ ń lọ, bẹ́ẹ̀ ni ti aládùúgbò rẹ̀, títí dé ìsàlẹ̀ òkè níbi tí odò wà. Ìlú wa kún fún òkè àti àfonífojì, nítorí náà ẹni tó wà lókè lè máa gbádùn òjò nígbà tí ẹni tó wà nísàlẹ̀ ń gbé bẹ́ẹ̀dì.

Ẹ tẹ́ àwòrán ìlú sílẹ̀, kí ará àdúgbò fi ọwọ́ ara wọn sàmì sí afárá tó ń bò mọ́lẹ̀, gọ́tà tó dí, ilé ẹ̀kọ́ tí òrùlé rẹ̀ ti rọ̀. Kí onímọ̀ ojú ọjọ́ wá sọ irú òjò tó lè mú kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣẹlẹ̀. Ní ti àwọ̀ tí wọ́n fi ń ya ìpele ewu sọ́tọ̀, pupa fún èyí tó le jù àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, ó dára fún ojú fóònù, ṣùgbọ́n rédíò kò ní àwọ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ fẹnu kò lórí bí ẹ ó ṣe sọ ohun tí kò dájú

Ní ọdún 2005, Gerd Gigerenzer, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá ọmọ ilẹ̀ Jámánì, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní Amsterdam, Athens, Berlin, Milan àti New York. Wọ́n bi àwọn ènìyàn ní ìtumọ̀ gbólóhùn pé ìdá 30 nínú 100 ni ìrètí òjò lọ́la. New York nìkan ni èyí tó pọ̀ jù ti mọ̀ pé ọjọ́ ni wọ́n ń kà, ìyẹn ni pé nínú ọjọ́ 10 tí àsọtẹ́lẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, òjò yóò rọ̀ ní bíi 3. Níbòmíràn, àwọn kan rò pé òjò yóò fi ìdá 30 nínú 100 wákàtí ọjọ́ náà rọ̀, àwọn mìíràn rò pé ìdá 30 nínú 100 ilẹ̀ ni yóò tutù. Kò sí ìdí tí ti Ìkẹ́rẹ́ tàbí Ìjerò yóò fi yàtọ̀.

Ẹ má tìtorí èyí pa nọ́ńbà tì. Ẹ so ó mọ́ ohun tí ẹ ń kà, “nínú ọjọ́ 10 tó bá rí bí òní, ó máa ń rọ̀ ní 3”, kí ẹ sì kọ àkàbà ọ̀rọ̀ kan tí gbogbo ẹgbẹ́ yóò máa lò. Fún àpẹẹrẹ, “ó lè ṣẹlẹ̀” fún 3 sí 5 nínú 10, “ó ṣeé ṣe jù pé yóò ṣẹlẹ̀” fún 6 sí 8, àti “ẹ múra bí ẹni pé ó ti dé” fún 9 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bá fẹ́ fi ẹwà èdè yí i padà lórí afẹ́fẹ́, àdéhùn ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní ni ẹ ó fi dá a dúró.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ kọ ìkìlọ̀ náà

Ìkìlọ̀ tó pé ń sọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ibi tí ọ̀rọ̀ kàn, àkókò, ohun tí yóò ṣẹlẹ̀, ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò ṣe, àti ìgbà tí a ó tún gbọ́. Àpẹẹrẹ rẹ̀ nìyí:

“Ìkìlọ̀ ìjì àti òjò líle láti ọ̀dọ̀ NiMet, fún Adó-Èkìtì. Lónìí, láàárín aago 3 sí aago 6 ìrọ̀lẹ́, ó ṣeé ṣe jù pé ìjì tó lè ká páànù yóò jà, àgbàrá yóò sì kún ojú ọ̀nà. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé etí odò Ajílòsùn àti odò Ureje, ẹ kó ọmọdé àti àgbàlagbà lọ sí ibi gíga kí aago 3 tó lù. Ẹ̀yin ọlọ́kadà, bí omi tó ń ṣàn bá ti mu yín dé òkè ọrùn ẹsẹ̀, ẹ má gbà á kọjá. Ẹ̀yin tí ẹ wà lóko, gbàrà tí ẹ bá gbọ́ àrá, ẹ kúrò lábẹ́ igi, ẹ wọ ilé tàbí inú ọkọ̀, kí ẹ sì dúró síbẹ̀ títí ìṣẹ́jú 30 yóò fi kọjá lẹ́yìn àrá ìkẹyìn. A ó tún bá yín sọ̀rọ̀ ní aago 5.”

Gbogbo gbólóhùn ibẹ̀ ló ní ohun tó gbé e ró. Omi tó ń ṣàn tí jíjìn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 15 péré lè gbé àgbàlagbà ṣubú, ìlọ́po méjì rẹ̀ sì lè gbé ọkọ̀ kékeré lọ. Ṣùgbọ́n kò sí ọlọ́kadà tó ń gbé rúlà káàkiri, nítorí náà ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni kí ó fi wọ̀n ọ́n. Ariwo àrá kì í dún dé ọ̀nà jíjìn púpọ̀, nítorí náà ẹni tó bá ti ń gbọ́ àrá ti wà níbi tí mànàmáná ti lè bá a. Ẹ ṣàkíyèsí pẹ̀lú pé kò sí “ẹ ṣọ́ra” níbẹ̀ rárá. Gbogbo ènìyàn ló ń sọ fún ara wọn lójoojúmọ́ pé kí wọ́n ṣọ́ra, kò sì sọ ẹsẹ̀ tí ènìyàn yóò kọ́kọ́ gbé fún un.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ dán an wò kí òjò tó dé

Ẹ má ṣe fo ìgbésẹ̀ yìí nítorí owó tàbí àkókò. Ní oṣù kejì, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ẹ gba ohùn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ náà sórí fóònù, kí ẹ gbé e lọ bá àwọn tí ẹ kọ ọ́ fún, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí pé ẹ̀ẹ̀kan ni rédíò ń sọ ọ́. Ẹ má bèèrè bóyá ó yé wọn. Ọmọlúàbí kò ní wo ojú àlejò tó wá láti yunifásítì kí ó ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò yé òun, nítorí náà gbogbo wọn ni yóò dáhùn pé ó yé àwọn dáadáa, tí wọ́n á sì tún ṣàdúrà fún yín. Ẹ bèèrè báyìí: “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, bí ọmọ yín bá pè yín láti Èkó nísinsìnyí, tó ní kí ni wọ́n sọ lórí rédíò, kí ni ẹ máa sọ fún un?”

Kí olùwádìí ìbánisọ̀rọ̀ kọ ìdáhùn sílẹ̀ bó ṣe jáde lẹ́nu wọn gan-an. Bí ó bá jẹ́ “wọ́n ní òjò máa rọ̀” nìkan ni, àkókò àti ohun tó yẹ ní ṣíṣe ti sọnù lójú ọ̀nà. Bí ẹnì kan bá ní kí gbogbo Adó sá kúrò nílé ni wọ́n sọ, àlàyé ibi tí ọ̀rọ̀ kàn kò tó. Kí onímọ̀ ojú ọjọ́ wà níbẹ̀ láti wò bóyá ohun tó kù nínú orí olùgbọ́ ṣì jẹ́ òtítọ́. Ẹ tún un kọ, ẹ wá ẹlòmíràn tí kò gbọ́ ti àkọ́kọ́, ẹ tún dán an wò. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ ṣe ẹ̀dà tí wọ́n sọ ní ohùn Èkìtì, pàápàá fún àwọn àgbàlagbà tó wà ní abúlé.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹ to ọ̀nà tí yóò gbà dé ọ̀dọ̀ wọn

Rédíò ṣì ni àgbà, nítorí pé bátìrì ń gbé e nígbà tí kò bá sí iná. Ẹ fi ohùn kan náà ránṣẹ́ sórí WhatsApp, kí ẹ sì dárúkọ ọjọ́ àti aago níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí ìkìlọ̀ oṣù kẹrin má baà tún máa kiri ní oṣù kẹfà. Akígbe ààfin, ìyálọ́jà, ẹgbẹ́ ọlọ́kadà, àlùfáà àti lèmọ́mù, ẹ ti gba nọ́ńbà gbogbo wọn sílẹ̀ ṣáájú.

Ọ̀nà kan wà tí ilẹ̀ wa fi jíǹkí wa. Ọ̀pọ̀ ìjì ńlá ìhà wa, láti ìlà-oòrùn ni wọ́n ti ń bọ̀, wọ́n á sì máa lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Ìjì tó bá gba ìhà Kogí wọlé yóò kọ́kọ́ kan Ọmùò, kí ó tó kan Ìkọ̀lé, kí ó tó dé Ọ̀yẹ́ àti Adó, ó sì lè gbà á ní bíi wákàtí kan láti Ọmùò sí Adó. Ẹ yan ẹnì méjì ní ìlú kọ̀ọ̀kan, olùkọ́ kan àti oníṣòwò kan fún àpẹẹrẹ, tí wọn yóò pe àwọn tó wà níwájú ní kété tí ìjì bá dé ọ̀dọ̀ wọn. Kí ìpè náà lọ sọ́dọ̀ onímọ̀ ojú ọjọ́ pẹ̀lú, kí ó fi wé ohun tí sátẹ́láìtì ń fi hàn kí wọ́n tó gbé e sórí afẹ́fẹ́. Kì í ṣe gbogbo ìjì ló ń rin ìrìn yìí tán. Òmíràn á tú ká lójú ọ̀nà.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Ẹ padà lọ lẹ́yìn òjò

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìkìlọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ ṣe àkọsílẹ̀ méjì sínú ìwé kan náà: ohun tí ojú ọjọ́ ṣe, láti inú òṣùwọ̀n òjò, àti ohun tí ènìyàn ṣe, láti ẹnu àwọn fúnra wọn. Ẹ fọ̀rọ̀ wá ẹni tó gbéra àti ẹni tó jókòó lẹ́nu wò, láì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹ ó rí i pé ẹni tó jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dáadáa, ṣùgbọ́n kò ní ibi tí yóò lọ, tàbí kò lè fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀ fún olè. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ èdè mọ́; ẹ gbé e lọ bá àjọ pàjáwìrì kí wọ́n wá ibi ìsádi tàbí ẹ̀ṣọ́ ọjà.

Bí òjò tí ẹ kìlọ̀ rẹ̀ kò bá rọ̀, ẹ sọ ọ́ lórí rédíò lọ́jọ́ kejì, ẹ sọ ibi tí ó yà sí, kí ẹ sì tún rán wọn létí iye ìgbà nínú 10 tí ẹ sọ. Ẹ̀rù máa ń ba àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba láti ṣe èyí, ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ ló ń mú kí wọ́n máa pe onímọ̀ ní onírọ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó, tí àwọn ẹgbẹ́ máa ń gbàgbé títí ìjà fi máa dé. Owó fóònù àwọn tó ń pe ara wọn láti Ọmùò sí Adó, owó ọkọ̀ àwọn tó lọ dán ìkìlọ̀ wò, àti owó àkókò lórí rédíò gbọ́dọ̀ wà nínú ètò ìnáwó láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí orúkọ onímọ̀ ojú ọjọ́ àti ti olùwádìí ìbánisọ̀rọ̀ sì jọ wà lórí ohunkóhun tí wọ́n bá tẹ̀ jáde nínú iṣẹ́ náà. Ẹ ti parí ìwé àkọsílẹ̀ ọdún kí oṣù Kejìlá tó tán, kí ó lè wà lọ́wọ́ yín nígbà tí àsọtẹ́lẹ̀ NiMet fún ọdún tuntun bá jáde.